Kìlómítà orí alùpùpù: ara arìnrìn-àjò pẹ̀lú ń ka iye tirẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú ní Àbújá, kí oòrùn tó mú, ni àwọn alùpùpù ńláńlá máa ń gba ojú pópó kọjá. Kì í ṣe alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé èrò ni wọ̀nyí, nítorí pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2006, nígbà tí Mallam Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà fún Olú-ìlú Àpapọ̀, ni ìjọba ti fòfin de iṣẹ́ ọ̀kadà láàárín ìlú náà. Àwọn tó ń gun èyí tí a ń sọ yìí fi ìrìn-àjò ṣe ìgbafẹ́ ni. Àwọn kan a kọjú sí ọ̀nà Kàdúná, wọn a sì kọjá lẹ́bàá àpáta Zuma. Àwọn mìíràn a gba Gwagwalada lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ìrìn tó tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ẹlòmíràn a tẹ̀síwájú dé Èkó tàbí Calabar, tàbí kí ó tilẹ̀ sọdá ẹnu ibodè lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn alùpùpù wọ̀nyí ni òǹkà kìlómítà wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka gbogbo ibi tí taya bá yí dé, kì í sì í padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò a máa kọ iye náà sínú ìwé ní ìparí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ṣírò rẹ̀ pọ̀ ní ìparí ọdún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iye yìí a di ohun ìwúrí fún ẹni tó ni ín àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lójú ètò ìlera, òǹkà mìíràn wà tí ojú kò rí. Etí, eegun ẹ̀yìn, ọwọ́, ojú àti ọpọlọ ẹni tó jókòó sórí alùpùpù ń ka iye tiwọn pẹ̀lú. Bí taya bá jẹ, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá dúdú, a lè dà á nù kí a sì rọ òmíràn. Etí tó bá ti di kò ní ìpààrọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé tí arìnrìn-àjò ń kọ kìlómítà rẹ̀ sí ní ojú ewé kan fún ara rẹ̀.

Láti ayé Àjàlá

Ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn lórí alùpùpù kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Orúkọ Ọlábísí Àjàlá ti di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹnikẹ́ni tí kì í gbé ojú kan. Ní ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ìlú Chicago títí dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,200 máìlì, èyí tó ju 3,500 kìlómítà lọ. Láti ọdún 1957 ni ó ti ń fi alùpùpù Vespa rin ayé ká, tó sì kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Olóyè Ebenezer Obey fi orin sọ orúkọ rẹ̀ di mánigbàgbé. Ní ọdún 1999 ni Àjàlá jáde láyé ní Èkó.

Ní àkókò tiwa yìí, Kúnlé Adéyànjú, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, gbéra ní London ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2022, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún náà, lẹ́yìn tó ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ọjọ́ 41 ni ó lò, ìrìn náà sì lé ní 12,000 kìlómítà. Ìdí tó fi ṣe é ni láti kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n ti kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò tó ń fa àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera tẹnu mọ́ ọn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọ́dọ̀ dúró.

Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn. Jeminat Olúmẹ́gbọ́n gun alùpùpù la orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kọjá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 2015, nítorí àwọn ọmọ tó wà ní ilé àwọn aláìlóbìí. Ní ọdún 2016, òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gun alùpùpù lo ìrìn-àjò wọn láti mú kí àwọn obìnrin rí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹnu ilé ọmọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìṣirò àwọn ìrìn-àjò wọ̀nyí. Bí a bá pín ìrìn Adéyànjú sí ọjọ́ 41, kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà lọ lóòjọ́. Emilio Scotto, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness fún ìrìn-àjò orí alùpùpù tó gùn jù lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 1985 sí oṣù kẹrin ọdún 1995, ó rin 735,000 kìlómítà, èyí tó dà bí ìgbà tí ènìyàn yí ayé po ní ìgbà 18. Síbẹ̀, bí a bá pín in sí ọjọ́ tó lò, nǹkan bí 200 kìlómítà ni lóòjọ́, ìyẹn Àbújá sí Lọ́kọ́ja péré. Ẹni tó rìn jìnnà jù lọ láyé kò rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Sùúrù àti ìsinmi ló gbé e débẹ̀.

Oorun kì í gba owó ẹ̀yìn

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà lókè òkun tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí bí ó bá rin 1,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 1,609 kìlómítà, láàárín wákàtí 24. Ìrìn náà ju àlọ àti àbọ̀ Àbújá sí Èkó lọ. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò bá ọ̀nà tiwa mu, nítorí kòtò, ẹran ọ̀sìn, ọkọ̀ tí kò ní iná àti ewu àwọn ajínigbé lóru. Yàtọ̀ sí èyí, ara ènìyàn ní òfin tirẹ̀.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 1997 fi hàn pé ẹni tí kò bá fojú kan oorun fún wákàtí 17 yóò máa hùwà bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà fún ẹni tó ń wakọ̀. Bí ó bá di wákàtí 24, ó dà bí ìlọ́po méjì iye náà. Ẹni tó jí ní agogo mẹ́rin ìdájí ní Àbújá, tó di ẹrù rẹ̀, tó sì ṣì wà lórí alùpùpù ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ti pé wákàtí 17 láìsùn. Kò fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti ń ṣe bíi ti ọ̀mùtí.

Òògbé kì í sì í pẹ́ kí ó tó ṣe ibi. Alùpùpù tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú bá pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, alùpùpù náà ti rin mítà 111, èyí tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ṣì ní irin tó yí i ká. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kò ní nǹkan kan.

Àwọn mìíràn a máa jẹ obì, wọn a mu kọfí, àwọn kan a tilẹ̀ mu paraga tàbí kí wọ́n gbé oògùn olóró mì. Obì àti kọfí lè ṣí ojú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò oorun. Paraga àti oògùn olóró ní tiwọn ń fi ewu kún ewu ni. Ohun tó ṣiṣẹ́ kò gba owó: kí ènìyàn sun oorun wákàtí méje ó kéré tán ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sì dúró ní ibi tó láàbò láti rẹjú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú bí ó bá ti ń yán léraléra, tàbí bí kò bá rántí ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mọ́.

Etí tó ń gbọ́ atẹ́gùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń ba etí jẹ́. Lórí eré ọ̀nà jíjìn, atẹ́gùn tó ń lu akoto, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè ní hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì, ló máa ń pariwo jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1990 fi hàn pé ariwo náà máa ń tó 90 désíbẹ́ẹ̀lì lórí eré 60 kìlómítà, ó sì lè dé 110 lórí eré 160.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lò ni pé ariwo 85 désíbẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Bí désíbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta bá ti lé lórí rẹ̀, kí ènìyàn dín àkókò náà kù sí ìdajì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yìí, ẹni tí ariwo 100 désíbẹ́ẹ̀lì ń lu etí rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ kí ó tó kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí méjì sí mẹ́ta ni ìrìn Lọ́kọ́ja ń gbà.

Irun wẹ́wẹ́ tó wà nínú etí ni ariwo ń pa, kì í sì í hù padà. Etí tó ń hó lẹ́yìn tí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń tà láti fi dí etí lè dín ariwo náà kù gidigidi, kò sì ní kí ènìyàn má gbọ́ fèrè ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó alùpùpù.

Ẹ̀yìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Ìjókòó lójú kan fún wákàtí púpọ̀ a máa ni eegun ẹ̀yìn lára, àgàgà bí ọ̀nà bá ní kòtò. Ìgbọ̀npẹ̀pẹ̀ tó ń gba ọwọ́ ìdarí wọlé a máa mú kí ìka kú tàbí kí ó máa ta ṣínṣín. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìsinmi lè tán an. Bí ó bá ń bá ènìyàn délé, tí kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Ẹsẹ̀ tí kò kúrò lójú kan náà lè fa kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Àmì rẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ kan wú, kí ó gbóná, kí ó sì máa ro lẹ́yìn ìrìn-àjò. Bí èémí bá ṣàdédé ń há, tàbí tí àyà ń dunni, kí ènìyàn má ṣe jáfara láti dé ilé ìwòsàn, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìmọ̀ràn tó rọrùn ni kí arìnrìn-àjò máa dúró ní wákàtí méjì méjì ó pẹ́ tán, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó rìn, kí ó sì na ẹ̀yìn.

Oòrùn, ọyẹ́ àti omi

Lórí alùpùpù, atẹ́gùn a máa gbẹ òógùn kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Nítorí náà, omi inú ara lè dínkù láìjẹ́ pé òùngbẹ gbẹni púpọ̀. Orí fífọ́, òòyì, ìbínú láìnídìí àti ìtọ̀ tó pọ́n ni àmì rẹ̀. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ooru Àbújá bá mú, kí ènìyàn máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, kí ó má dúró de òùngbẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ló ń ṣe ojú àti ọ̀fun léṣe. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Fún ẹni tó ń sọdá ibodè, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, ṣe pàtàkì. Ọjọ́ mẹ́wàá kí ènìyàn tó gbéra ni ó yẹ kí ó ti gba abẹ́rẹ́ náà, láti oṣù keje ọdún 2016 ni ìwé ẹ̀rí náà sì ti wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni tó gbà á. Àpò ẹ̀fọn kékeré kò sì wúwo jù fún àpò ẹ̀yìn alùpùpù.

Igbá kì í ṣe akoto

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin lílo akoto. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn sì dé ike ọ̀dà, láti fi tan àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ. Ẹ̀rín náà korò, nítorí igbá kò lè gba orí ẹnikẹ́ni là. Àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ọdún 2023, àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún tó mílíọ̀nù kan àti 190,000, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn ló sì wà lórí alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú akoto ni fóòmù líle tó wà lábẹ́ ìta rẹ̀. Fóòmù yìí ni ó ń fọ́ dípò agbárí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Akoto tó bá ti bá ènìyàn ṣubú ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Èyí tí kò bá ṣubú rí pàápàá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Kí ènìyàn kọ ọjọ́ tó rà á sínú ìwé kìlómítà rẹ̀. Okùn abẹ́ àgbọ̀n tí kò bá sì dì, kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn gbé akoto lé orí lásán.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí ẹlẹgbẹ́ ẹni bá ṣubú, ohun àkọ́kọ́ ni láti dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Kí wọ́n má ṣe fa akoto kúrò lórí rẹ̀ bí ó bá ń mí dáadáa, nítorí eegun ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Nọ́ńbà 122 ni ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 sì wà fún gbogbo ìpè pàjáwìrì. Ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Ohun tó yẹ kí ó wà nínú ìwé

Ìwé àkọsílẹ̀ kò ní láti jẹ́ ohun ńlá. Ìwé àjákọ olówó pọ́ọ́kú tó. Lẹ́yìn ọjọ́ ìrìn-àjò àti iye kìlómítà, kí arìnrìn-àjò kọ iye wákàtí tó fi sùn ní alẹ́ tó ṣáájú, iye ìgbà tó dúró, ibi tó ń dùn ún nígbà tó délé, àti bóyá etí rẹ̀ ń hó. Kí ó kọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tó ń lò àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lè tètè rí i. Ní ìparí ọdún, bí ó bá ti ń gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ojú àti etí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé náà yóò sọ ohun tí òǹkà orí alùpùpù kò lè sọ. Yóò fi hàn bí ìrìn tí ó jẹ́ eré lásán ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá ti di èyí tó ń mú ẹ̀yìn ro fún ọ̀sẹ̀ kan ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Ìgbà náà ni ènìyàn yóò mọ̀ pé àsìkò tó láti pín ìrìn ọjọ́ kan sí méjì, kí ó sì sùn sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kí ó tó dé Èkó. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Kìlómítà tí kò bá rìn lónìí, yóò rìn ín lọ́la, bí ara bá le.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n tún ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kìlómítà tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà ni èyí tó kẹ́yìn, tó gbé arìnrìn-àjò padà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní àlàáfíà.